Níbo Ni Omi Ń Gbà Wọ Inú Ọkọ̀?



Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, pàápàá ọkọ̀ onígbòkun, èyí tí afẹ́fẹ́ ń tì lọ lórí òkun. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín ni ó ń gbé ẹ̀bá omi, tí ó sì mọ ọkọ̀ ju bí àwa ti mọ̀ ọ́n lọ. Àwọn mìíràn sì wà láàrin yín tí kò tíì fi ẹsẹ̀ kan inú ọkọ̀ rí. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò ní ṣòro fún ẹnikẹ́ni, nítorí kì í ṣe bí a ti ń wa ọkọ̀ ni a fẹ́ sọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fẹ́ dáhùn: bí omi bá ń wọ inú ọkọ̀, tí a kò sì mọ ibi tí ó ń gbà wọlé, báwo ni a ó ṣe wá a rí?

Ohun tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sí ọkàn ènìyàn ni kí ó gbé garawa, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́n omi. Kò burú, nítorí ọkọ̀ tí ń rì kò lè dúró de ìwádìí. Ṣùgbọ́n gbígbọ́n omi kì í ṣe àtúnṣe, àwọn àgbà sì ti wí pé a kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ihò tí ìbú rẹ̀ kò ju íǹṣì kan lọ, tí ó wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìsàlẹ̀ ojú omi, lè jẹ́ kí omi tí ó ju lítà 40 lọ wọ inú ọkọ̀ láàrin ìṣẹ́jú kan. Èyí ju garawa kẹrosíìnì méjì lọ. Ta ni nínú wa ni ó lè gbọ́n garawa méjì dànù ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí apá rẹ̀ kò ní kú? Evangelista Torricelli, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì, fi òfin ọ̀rọ̀ yìí hàn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1644: bí ihò bá ti jìn sí ìsàlẹ̀ sí i ni omi ń fi agbára tú sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ihò tí ó bá jìn ní ìlọ́po mẹ́rin yóò máa tú omi ní ìlọ́po méjì. Nítorí náà, ihò kékeré tí ó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ojú kò tó, ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù.

Ohun tí ó mú kí ìwádìí náà ṣòro ni pé omi kì í dúró níbi tí ó gbà wọlé. Ẹni tí ilé rẹ̀ ti jò rí mọ èyí dájú. Ihò páànù lè wà lórí yàrá kan, kí omi náà gba orí igi àjà lọ jẹ́jẹ́, kí ó sì máa kán sórí ibùsùn ní yàrá kejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú ọkọ̀. Omi lè gba iwájú ọkọ̀ wọlé, kí ó tọ ẹ̀yìn pákó lọ, kí ó gba abẹ́ ibùsùn àti abẹ́ àpótí oúnjẹ kọjá, kí a tó wá bá a ní ìdí ọkọ̀ lọ́hùn-ún. Ibi tí a ti rí omi jọ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Nítorí èyí ni a ṣe ní láti tọ ìwádìí náà létòlétò, bí adájọ́ tí kì í dá ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ ẹnìkan.

Ẹ̀kínní, kí a mọ irú omi tí ó jẹ́. Kí a ti ìka bọ inú omi náà, kí a fi kan orí ahọ́n, kí a sì tu ú dànù. Bí òórùn epo bá wà nínú rẹ̀, kí a má ṣe tọ́ ọ wò rárá. Imú ti jẹ́rìí tó. Bí omi náà bá níyọ̀, láti inú òkun ni ó ti wá. Bí kò bá níyọ̀, ó lè jẹ́ pé àgbá omi mímu inú ọkọ̀ ni ó jò, tàbí kí ó jẹ́ pé òjò ni ó gba òkè wọlé. Ẹni tí ó bá fo ìdánwò yìí lè gbé ọkọ̀ rẹ̀ gun èbúté, kí ó há ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó sì ná owó púpọ̀ lé e lórí, nígbà tí ó jẹ́ pé òpó rọ́bà kékeré kan lẹ́bàá àgbá omi ni ó là. Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Omi òjò tí ó bá ṣàn kọjá níbi tí iyọ̀ òkun ti gbẹ sí yóò ní ìtọ́wò iyọ̀ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ tí ó wà ní odò tàbí ní ọ̀sà ní àkókò òjò, omi tí ó yí i ká fúnra rẹ̀ lè má níyọ̀. Kí a tọ́ omi ìta wò pẹ̀lú, kí a tó dá omi inú lẹ́jọ́.

Ẹ̀kejì, kí a mọ àkókò tí omi náà ń wọlé. Kí a ní ìwé kékeré kan, kí a máa kọ iye ìgbà tí a gbọ́n omi láàrin wákàtí 24, àti ohun tí ọkọ̀ ń ṣe ní àkókò náà. Bí omi bá ń pọ̀ sí i nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́jẹ́ lórí ìdákọ̀ró, ihò náà wà ní ìsàlẹ̀ ojú omi nígbà gbogbo. Bí ó bá jẹ́ kìkì ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ ni, kí a wo ibi tí irin tí ń yí àjẹ̀ ẹ́ńjìnnì gbà jáde, kí a sì wo àwọn òpó rọ́bà tí ń gbé omi òkun wá láti mú ẹ́ńjìnnì tutù. Bí ó bá jẹ́ pé nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tẹ ọkọ̀ sí apá ọ̀tún nìkan ni, kí a wá ohun tí ó wà ní apá ọ̀tún tí kì í kan omi nígbà tí ọkọ̀ bá dúró ṣánṣán. Nígbà mìíràn, òpó tí a ṣe láti da omi ìfọwọ́ sí ìta ni omi òkun ń gbà padà wọlé nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá rì. Bí ó bá sì jẹ́ lẹ́yìn òjò ni, kí a gbé ojú sókè, kí a má wo ilẹ̀ mọ́.

Àkókò tún wúlò lọ́nà mìíràn. Ọkọ̀ onípákó tí ó ti pẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ yóò jò nígbà tí a bá kọ́kọ́ tì í sínú omi, nítorí pákó rẹ̀ ti gbẹ, ó sì ti sún kì. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, pákó yóò mu omi, yóò wú, ojú ìpàdé wọn yóò sì pa dé fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, tí ó fi òwú dí gbogbo ojú náà ní lílekoko nígbà tí pákó gbẹ, kò fi àyè sílẹ̀ fún pákó láti wú. Agbára wíwú náà yóò sì ba ọkọ̀ jẹ́ ju omi tí ń jò lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí a gbẹ inú ọkọ̀ pátápátá. Omi tí ó ti wà nílẹ̀ ni ó ń bo ipa omi tí ń bọ̀ mọ́lẹ̀. Kí a ṣí pákó ìtẹ́lẹ̀, kí a fi kànìnkànìn àti àkísà nu gbogbo kọ̀rọ̀, títí kò fi ní sí ẹ̀kán kan níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a fi amọ̀ rírọ̀ ṣe ebè kéékèèké la ìsàlẹ̀ ọkọ̀ já, kí ó lè pín sí iyàrá iyàrá, kí omi iwájú má baà dàpọ̀ mọ́ omi ẹ̀yìn. Nígbà náà ni kí a bu àtíkè, àní àtíkè tí àwọn ìyá wa ń fi pa ọmọ lára, kí a wọ́n ọn tínrín sí gbogbo ibi tí a fura sí. Omi kò lè gba orí àtíkè kọjá kí ó má fi ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kí a wá mú tọ́ọ̀ṣì àti dígí kékeré dání, kí a jókòó, kí a sì dúró dè é. Iyàrá tí ó bá kọ́kọ́ tutù ni kí a tọpa, kí a máa bá ipa náà gòkè, títí a ó fi dé ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ òkè ọkọ̀ ni a fura sí, iṣẹ́ ẹni méjì ni. Kí ẹnìkan wà nínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹnì kejì máa da omi sí i láti ìta, láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, níbìkan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a bá da omi sí gbogbo òkè pọ̀, kìkì ohun tí a ó mọ̀ ni pé ọkọ̀ ń jò, ohun tí a sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ tún ní ọgbọ́n mìíràn: wọn a ti gbogbo fèrèsé àti ilẹ̀kùn, wọn a fi ẹ̀rọ fẹ́ atẹ́gùn sínú ọkọ̀, wọn a sì fi omi ọṣẹ pa ara rẹ̀ ní ìta. Ibi tí ọṣẹ bá ti ń yọ ìfóófó, ibẹ̀ ni ihò wà.

Ẹ̀kẹrin, kí a ka àwọn ibi tí ó yẹ kí a fura sí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí a fi fáíbà ṣe, tí kò ní ojú ìpàdé pákó, ibi tí ènìyàn fúnra rẹ̀ lu ni omi sábà máa ń gbà: ẹnu àwọn òpó tí ó jáde sí ìsàlẹ̀ omi, àti ìdè onírin tí ó mú rọ́bà mọ́ wọn, ibi tí ìtọ́kọ̀ gbà jáde, ibi tí a fi irin de ìwọ̀n wúwo ìsàlẹ̀ mọ́ ọkọ̀, ibi tí a gbé so okùn òpó ìgbòkun mọ́ ara ọkọ̀, àti etí fèrèsé. Atukọ̀ tí ó gbọ́n a máa so igi ṣóṣóró kan mọ́ ẹ̀bá ẹnu òpó kọ̀ọ̀kan, kí ó lè rí ohun fi dí i kíá bí òpó bá já ní òru.

Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ onípákó, gbogbo ojú ìpàdé ni ẹnu. Ìgbì a máa gbé iwájú ọkọ̀ sókè, a sì máa sọ ọ́ kalẹ̀, pákó a sì máa fẹ́ ya kúrò lára ara wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka orí 27 ìwé Ìṣe Àwọn Àpóstélì yóò rántí pé nígbà tí ìjì dé, àwọn atukọ̀ fi okùn di ọkọ̀ tí Pọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀ lábẹ́. Ohun tí wọ́n ń bá jà ni èyí tí a ń sọ yìí. Irú ihò bẹ́ẹ̀ ni ó sì ṣòroó rí jù, nítorí ó ń lanu, ó ń panu dé, bí ọkọ̀ ti ń mì.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọkùnrin kan ti ṣe é. Ní ọdún 1968, ìwé ìròyìn Sunday Times ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù gbé ìdíje kan kalẹ̀ fún ẹni tí ó bá lè nìkan wa ọkọ̀ onígbòkun yí ayé ká láì dúró ní èbúté kankan. Ẹni mẹ́sàn-án ni ó jáde lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni Robin Knox-Johnston, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni ọdún 29. Ọkọ̀ rẹ̀, Suhaili, gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 32. Igi tíìkì ni a fi kàn án ní ìlú Bombay, ní ilẹ̀ Íńdíà. Ó kúrò ní Falmouth ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà.

Nígbà tí ó dé agbègbè omi àwọn erékùṣù Cape Verde, tí ó wà nínú òkun ní iwájú ilẹ̀ Senegal, ó ṣàkíyèsí pé omi inú ọkọ̀ ń pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Ó ń fi pọ́ǹpù fà á, ó sì tún ń kún. Kò sí èbúté tí ó lè yà sí láì pàdánù ìdíje náà. Iwájú rẹ̀ sì ni Òkun Gúúsù wà, níbi tí ìgbì ti ga tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí ọkọ̀ bá ń jò báyìí nínú omi tí ó rọ̀, báwo ni yóò ti rí lọ́hùn-ún? Ó dúró de ìgbà tí afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró, ó sì bẹ́ sínú òkun láti wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Níbẹ̀ ni ó ti rí i. Níbi tí ara ọkọ̀ ti pàdé igi gígùn ìsàlẹ̀, ojú ìpàdé náà ti ya ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, ní apá méjèèjì. Bí ọkọ̀ ti ń mì ni ojú náà ń ṣí, tí ó sì ń pa dé.

Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti ki òwú bọ ojú náà bí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ọkọ̀ ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ kò gùn tó. Kí ó tó kan òwú náà dáadáa, yóò ti di dandan kí ó gòkè lọ mí, òwú yóò sì ti jáde. Ó padà sínú ọkọ̀, ó sì ronú. Ó rán òwú náà mọ́ ara aṣọ ìgbòkun tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi ọ̀dà dúdú kùn ún, ó sì fi ìṣó bàbà kan aṣọ náà mọ́ ojú tí ó ya. Lẹ́yìn náà ó tún kan bàbà pẹlẹbẹ lé e lórí kí omi má baà fà á ya. Láàrin iṣẹ́ yìí ni ẹja ṣáàkì, ẹja apanijẹ tí eyín rẹ̀ mú bí ayùn, dé tí ó sì ń yí ọkọ̀ ká. Ó gòkè, ó fi ìbọn pa á, ó sì padà sínú omi. Nígbà tí ó parí apá kìíní, ó tún dúró de ìgbà tí omi rọ̀, ó sì ṣe apá kejì. Omi tí ń wọlé dín kù gidigidi, ó sì tẹ̀ síwájú. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1969, lẹ́yìn ọjọ́ tí ó lé ní 310 lórí omi, ó padà sí Falmouth. Nínú àwọn mẹ́sàn-án, òun nìkan ni ó parí ìrìn náà, òun ni ó sì kọ́kọ́ ṣe é láti ìgbà tí a ti dá ayé.

Ẹlòmíràn wà nínú ìdíje kan náà tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Orúkọ rẹ̀ ni Donald Crowhurst, ẹni ọdún 36, ó ní aya àti ọmọ mẹ́rin. Ọkọ̀ rẹ̀, Teignmouth Electron, jẹ́ irú èyí tí a so ara mẹ́ta pọ̀. Pẹ̀lú ìkánjú ni a fi parí rẹ̀, ó sì jáde ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1968, ọjọ́ tí ó kẹ́yìn tí òfin ìdíje gbà láàyè. Kò pẹ́ tí omi fi bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹnu ihò ìdérí wọ inú ọkọ̀. Nígbà tí ó wá òpó rọ́bà tí yóò fi fa omi náà jáde, wọ́n ti gbàgbé rẹ̀ sí ilẹ̀. Garawa ni ó fi ń gbọ́n ọn. Ó mọ ibi tí omi ń gbà. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé ọkọ̀ náà kò lè la Òkun Gúúsù já. Ṣùgbọ́n àdéhùn owó kan wà lọ́rùn rẹ̀ tí ó lè sọ ọ́ di ẹni tí gbèsè wó lulẹ̀ bí ó bá padà sílé. Láti oṣù kejìlá ọdún náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ìròyìn èké ránṣẹ́ nípa ibi tí ó dé, nígbà tí ó jẹ́ pé inú Òkun Àtìláńtíìkì ni ó ń yí kiri. Ní oṣù kẹta ọdún 1969, ó yà ní ìkọ̀kọ̀ sí etíkun Argentina láti tún ọkọ̀ náà ṣe. Ní ọjọ́ 10 oṣù keje, a rí ọkọ̀ rẹ̀ lórí omi. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

A kò sọ ìtàn yìí láti dá olóògbé lẹ́jọ́. Knox-Johnston pàápàá kò dá a lẹ́jọ́: £5,000 tí ó jẹ ní ẹ̀bùn ni ó kó lé aya àti àwọn ọmọ Crowhurst lọ́wọ́. A sọ ọ́ kí a lè rí i pé rírí ojú ihò jẹ́ ìdajì iṣẹ́ nìkan. Ìdajì kejì ni kí a lè jẹ́wọ́ pé ó wà níbẹ̀, kí a sì rí ẹni sọ ọ́ fún láì bẹ̀rù ìtìjú tàbí gbèsè. Bí ẹnìkan nínú ilé tàbí nínú ìjọ bá wá sọ fún wa pé ọkọ̀ òun ń jò, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí a ó kọ́kọ́ sọ sí i jẹ́ èyí tí yóò mú kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ ní ìgbà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹ̀yin ará wa tí ń ti ẹ̀ka etí omi wá, tí ẹ sì ń fi ọkọ̀ gbé àwọn ọmọ àti àgbàlagbà kọjá. Nígbàkúgbà tí ẹ bá bá atukọ̀ tí ń gbọ́n omi, ẹ bi í léèrè ibi tí omi náà ń gbà wọlé. Bí ó bá fi ọwọ́ hàn yín, tí ó sì sọ ohun tí ó ti ṣe sí i, ẹ lè bá a rò ó. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ má ṣe wọ ọkọ̀ náà, bí ó ti wù kí ó gbọ́n omi yára tó.

 Ọlọ́run yóò mú gbogbo wa gúnlẹ̀ láyọ̀.